Àyè Táyé Lórí Bẹ́ǹṣì

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ kámẹ́rà lò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ya fọ́tò ní Ìdó-Èkìtì. Bàbá mi ló kọ́ mi, òun náà ló sì kọ́ mi ní fọ́tò ìbejì: bí ọ̀kan bá lọ, wàá ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, wàá wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó di ọmọ méjì. Wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, kí èyí tó lọ má baà wá pe èkejì rẹ̀.

Ohun tí Comfort, ìyá ìbejì kan, tìtorí ẹ̀ pè mí wá sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ nìyẹn. Táyé rẹ̀ ti lọ láti ọdún tó kọjá. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kù, kò sì jẹun gidi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Àǹtí Doyin, ẹ bá mi ṣe é kíá," ni Comfort wí, "kí n rí i gbé kọ́ ulé. Bí Táyé bá pe èyí lọ, mo gbé."

Kẹ́hìndé jókòó sí apá òsì bẹ́ǹṣì kan níwájú ilé. Páànù tó ti dípẹtà àti ọ̀nà oko ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò dùn ún wò rárá, ni mo bá ṣí ojú lẹ́ǹsì gbayawu. Tó bá ti ṣí báyẹn, ibi tóóró kan péré ló máa ń mọ́ kedere; ohun tó bá wà níwájú ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn ibẹ̀ á ṣe bàìbàì. Kámẹ́rà tèmi sì máa ń fúnra rẹ̀ wá ojú èèyàn, á fi àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé kan yí i ká.

Àmì yẹn kò lọ sójú Kẹ́hìndé. Apá ọ̀tún tó ṣófo ló lọ, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Mo bú kámẹ́rà náà, mo pa á, mo tún un tàn, ibẹ̀ náà ló tún lọ. Mo ní kò burú, mo yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wo fọ́tò, Kẹ́hìndé ṣe bàìbàì bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín, àmọ́ apá ọ̀tún mọ́ débi pé mo lè ka ìlà ara pákó. Bẹ́ǹṣì kan náà o! Ọgbọọgba ni apá méjèèjì jìnnà sí mi; bí ọ̀kan bá mọ́, èkejì gbọ́dọ̀ mọ́. Lẹ́búlẹ́bú láfún tí wọ́n sá láàárọ̀ ṣì wà lórí pákó náà, àfi ibì kan roboto tó dà bíi pé wọ́n nù ún, tó ṣe wẹ́kú ìdí ọmọdé.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ n dákẹ́. "Kẹ́hìndé, sún sí ọ̀tún."

"Táyé ló jókòó síbẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ó ti dé láti Èkó."

Mo kọjú sí Comfort. "Èwo ni ti Èkó?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣebí a kì í wí pé ìbejì kú. Mo ní ó lọ bá àǹtí rẹ̀ l'Ékòó ni."

"Háà! Comfort! Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ìwọ lo sọ ọ́ di èrò ọ̀nà!"

Kẹ́hìndé ti dìde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá fà á lọ́wọ́. "Màmá, ó dàbọ̀," ló wí. "Táyé ní mọ́tò Èkó ń dúró dè wá." Ó kọrí sí ọ̀nà oko.

Comfort fò mọ́ ọn. "Ó tutù! Àǹtí Doyin, ọmọ mi tutù bí omi àmù!" Mo bá a dì í mú, àmọ́ ọmọ tí kò tó gbé yẹn ń wọ́ àwa méjèèjì lọ.

"Sọ òótọ́ fún Táyé!" ni mo pariwo.

"Èèwọ̀ ni!"

"Èwo lo fẹ́, èèwọ̀ àbí ọmọ?"

Comfort kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Táyélolú, ọmọ mi, irọ́ ni mo pa. O ò lọ sí Èkó. O ti kú. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ fún mi."

Ọwọ́ Kẹ́hìndé já wálẹ̀. Ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì gbóná nígbà tó kán sí mi lápá.

Mo gbé e padà sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fún ojú lẹ́ǹsì pọ̀ títí ó fi kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí gbogbo nǹkan lè mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibikíbi tí Táyé bá wà, mo fẹ́ rí i. Àmì aláwọ̀ ewé lọ sójú Kẹ́hìndé wàrà. Mo yà á.

Gbogbo rẹ̀ ló mọ́: ikun imú ọmọ, páànù, ọ̀nà oko títí dé ìdí igi kajú. Comfort gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Lọ́nà oko lọ́hùn-ún, nínú fọ́tò yẹn, ọmọ kan ń lọ, ó kọ̀yìn sí wa, ó wọ gáùn búlúù. "Òun ni wọ́n fi sin Táyé," ni Comfort wí. Mo gbójú sókè wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Comfort ń fi ìka pa ẹ̀yìn ọmọ náà lórí kámẹ́rà, ó ń pa á ṣáá. "Ó gbọ́ mi," ló wí, ẹkún sì gbà á. "Àǹtí Doyin, ẹ wò ó. Ó gbọ́ mi. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn."