Àbàtà Bàbá Ọbáfẹ́mi

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fa àpótí yín wá, kí ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú. Inú mi dùn láti sọ ìtàn yìí, bó tilẹ̀ korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Bàbá Ọbáfẹ́mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Festac ló ń gbé. Rédíò tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí-kìí-kí, tí wọ́n fi ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀, ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ọjọ́ tí Charles ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kó lọ sí Ìlú Òyìnbó, àwọn méjèèjì ṣàdéhùn pé lọ́jọ́ kan, rédíò tiwọn ni àwọn yóò fi kí ara wọn. Ogún ọdún kọjá, wọn ò rí i ṣe. Àfi bí Charles ṣe kọ̀wé: "Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ri òpó rédíò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejìlá, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, màá pè ọ́ lórí rédíò. Kò sí ìgbà mìíràn mọ́ o."

Ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ò jẹ́ kí Bàbá gbọ́ nǹkan kan nínú rédíò nílé. Ilẹ̀ tí yóò ri òpó tirẹ̀ sí ló ń wá kiri. Tájù tó ń bá wọn ta ilẹ̀ mú un dé ẹ̀gbẹ́ Trade Fair, ibi gbígbẹ tó tẹ́jú. Bàbá gbé rédíò kékeré sétí, ó ní wáyà iná òkè ń kùn jù. Wọ́n wá dé àbàtà kan létí omi ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka bu ẹrẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

Tájù pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà ni àbí ọbẹ̀?"

"Iyọ̀ wà ńbẹ̀," ni Bàbá wí. "Èyí ni mo fẹ́."

Ẹrẹ̀ oníyọ̀ ló ń gbé ohùn rédíò bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà; láìsí i, èèyàn lè gbọ́ ará òkèèrè, àmọ́ onítọ̀hún ò ní gbọ́ tirẹ̀. Bàbá ri òpó gíga mọ́lẹ̀, ó tẹ́ ọgbọ̀n wáyà bàbà sínú ẹrẹ̀ káàkiri bí ẹsẹ̀ alántakùn. Àmọ́ kò ṣàlàyé fún Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Ilẹ̀ náà dáa bẹ́ẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mọ̀nsúrát tó ń ta ìpápánu ní Alákijà ò jẹ́ kí Àyìnkẹ́ sinmi. "Àǹtí, ṣé àkèré ni Dádì fẹ́ máa sìn níbẹ̀ ni?" Ojú ti Àyìnkẹ́.

Bàbá lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlaròó, ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Sátidé tí Charles dá gan-an ló dé. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ létí àbàtà, orin Àyìnkẹ́ àtàwọn ará ilé ló kọ́kọ́ gbọ́:

*Àbàtà ti dilẹ̀ o,*
*Ilẹ̀ ti gbà wá dúró.*
*Ẹsẹ̀ ìyàwó ò rì mọ́ o,*
*Ilẹ̀ ti gbà wá dúró.*

Iyanrìn! Iyanrìn funfun báláú, ó bo gbogbo rẹ̀. Ọlásúnkànmí ọmọ wọn ló rán típà wá. Ta ló ní àbàtà ní Èkó tí kì í da iyanrìn sí i? Wọ́n ti se ìrẹsì, wọ́n ti dín ẹran, wọ́n ní káwọn fi dá Bàbá lọ́lá.

"Wáyà mi dà?" ni Bàbá béèrè.

"Pàǹtí inú ẹrẹ̀ yẹn?" Àyìnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ti kó o fún àwọn onírin àlòkù. Ẹ kí wa kú iṣẹ́ o, Dádì!"

Òpó nìkan ló kù. Oòrùn ń wọ̀. Bàbá so rédíò mọ́ ọn lórí iyanrìn gbígbẹ, ó de nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí. Ó gbọ́ Charles, ketekete. Ó dáhùn. Charles tún pe orúkọ rẹ̀, ó tún dáhùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

"Ọbáfẹ́mi, n ò gbọ́ ọ. Bóyá o ti gbàgbé. Ó dàbọ̀."

Rédíò dákẹ́.

Àyìnkẹ́ gbé abọ́ ìrẹsì dé, ó kúnlẹ̀. "Dádì, oúnjẹ yín rè é. Ṣé inú yín dùn?"

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo iyanrìn. "Ilẹ̀ náà gbẹ dáadáa," ló wí, ó sì gba síbí.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n di ẹran sínú ọ̀rá. Gbogbo wọn ń kọrin lọ sílé, kò sẹ́ni tébi ń pa.