Àṣẹ Géèmù Ọkọ Mi

Ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Géètì ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń jáde tí kì í tú àpò rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó tú tèmi náà lójú gbogbo ayé. Mo bá a jà délé. Ó ní òfin ò mọ ìyàwó.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, nọ́ọ̀sì ní kó máa fi ọwọ́ yẹn ṣe ohun tó bá ti wù ú, torí ọwọ́ téèyàn ò bá lò, kíkú ló ń kú lọ. Kí ló wá wu bàbá? Géèmù ọkọ̀ àjàgbé tó ti rà tipẹ́, tòun ti sítíárìn rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àfìgbà tí mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ mì ni mo tó ṣíwọ́ yẹ̀yẹ́.

Àfi bí kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe géèmù náà ṣe bàjẹ́. Ọmọ wa obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun, gbé òmíràn wá. Géèmù ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà yìí rí, ká lọ gba àṣẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe òun. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń fúnni láṣẹ, wọn ò ta géèmù yẹn mọ́. Inú bí mi gan-an. Ohun téèyàn fowó ara rẹ̀ rà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n wá èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀," lọmọ wí. "Ìyẹn kì í béèrè àṣẹ."

"Olè nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà rà á."

"Wọ́n ti géètì wọn, ó ti tì nìyẹn. Kọ̀wé sí wọn."

Ọmọ kọ̀wé, wọn ò fèsì. Ọwọ́ bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Nọ́ọ̀sì fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà tí á máa fi ọwọ́ náà tẹ̀, ó jù ú sábẹ́ àga. Mo lọ sunkún lẹ́yìnkùlé, mo nujú, mo pe ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Já a. Sọ fún un pé wọ́n ti fèsì."

"Màámi, tó bá mọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo rán ẹ."

Bí bàbá ṣe padà sídìí sítíárìn nìyẹn. "Ṣé ẹ rí i?" ló ń sọ fún wa. "Ẹni tó bá ṣe òótọ́, wọ́n á dá a lóhùn." Ọmọ mi ń wò mí. Èmi ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ ń yá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pa géèmù, ó gbé páálí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Nọ́ńbà àwọn tó fún wa láṣẹ rèé. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Fóònù dà?"

Ọ̀dọ̀ mi ni fóònù wà. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀la.

"Gbé e wá, jàre."

Ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó gùn gbọọrọ lókè tábìlì, ìka márààrún là sílẹ̀, kò gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, n ò rí i kó nà bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ò tiẹ̀ fura. N ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé rárá fún ọwọ́ yẹn. Mo gbé fóònù lé e.