Orúnkún Páálí

"Ìyá Kẹ́mi, orúnkún rẹ̀ tún ti ya," Olúsọjí ní, láì gbójú kúrò lára kámẹ́rà.

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. Lóòótọ́ ni. Ọmọbìnrin páálí náà ti ká ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ihò là sáàárín itan àti ojúgun rẹ̀, èèyàn sì ń rí pákó tábìlì níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé páálí ò ní agídí, kò tíì fi í ṣe èèyàn rí.

Ọdún 1983 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Àwáwù ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ṣakí. Ìbàdàn ni Olúsọjí ti gbé kámẹ́rà wá. Fíìmù kékeré kan nípa sòbìà, àrùn tó ń ti inú omi wá, ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n máa gbé kiri abúlé: ọmọ kan pọn omi lódò, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Apá, itan, ojúgun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gé wọn, píìnì ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n á sún ẹsẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi kámẹ́rà yà á. Wọ́n á tún sún un, wọ́n á tún yà á. Iṣẹ́ sùúrù ni.

"Ẹ jẹ́ kó kúkú dúró kí ìyá rẹ̀," Olúsọjí ní. "Ta ló máa kíyè sí i?"

"Gbogbo ìyá tó bá wò ó ni. Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí. Ọmọ tó bá dúró ṣánṣán kí ìyá rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò ní mu omi ọwọ́ rẹ̀."

Ó gé ojúgun tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi páálí díẹ̀ sílẹ̀ lókè rẹ̀, ó gé e roboto, ó tì í sábẹ́ itan, ó wá gún píìnì sí i láàárín gbùngbùn. Ó rọra ká a. Kò sí ihò mọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́.

Inú Àwáwù dùn, àfi ìgbà tó wo ìyá páálí tó jókòó sórí àpótí níwájú ọmọ náà. Kò mọ ìgbà tó ya ilà ìyá tirẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Màmá ńkọ́?" Olúsọjí béèrè. "Kí ni wọ́n máa ṣe tí ọmọ bá kúnlẹ̀ tán? Ẹ ò tíì so ọwọ́ wọn."

Àwáwù ṣa ọwọ́ páálí méjèèjì lórí tábìlì. Láyé àtijọ́, ìyá rẹ̀ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́, wọn ò sì ní jẹ́ kó dìde títí wọ́n á fi kì í tán. Ṣùgbọ́n ó di ọdún mẹ́fà tó ti kúnlẹ̀ níwájú wọn gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tó sọ pé Ládòkun, tíṣà onígbàgbọ́, lòun máa fẹ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi júwe ẹnu ọ̀nà fún un. "Má jẹ̀ẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ mọ́," ni wọ́n wí. Ó ṣe bí wọ́n ṣe wí, nítorí pé agídí wọn náà ló jogún. Kẹ́mi ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò mọ ìyá àgbà rẹ̀. Àárò ìyá rẹ̀ sì ń sọ Àwáwù, ó ń sọ ọ́ gan-an.

"Ìyá Kẹ́mi?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Olúsọjí rò pé ọ̀rọ̀ fíìmù ló ń sọ. "Kí ló wá le níbẹ̀? Àwọn àgbà ṣáà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ so tọ̀tún fún wọn."

Ó na píìnì sí i. Àwáwù gbà á, ó wò ó títí, ó sì dá a padà sínú agolo. Ó pa àlùmọ́gàjí tó fi ń gé páálí dé, ó mú báàgì.

"Ọkọ̀ Ìgbòho ṣì máa wà ní gáréèjì. Ẹ fi màmá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀la."

"Nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo?"

"Ọwọ́ òsì ìyá mi ni mo rí gbẹ̀yìn," Àwáwù ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọ̀tún."

Ó yà sí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ó pe Kẹ́mi jáde, ó sì ní kó lọ fọ orúnkún rẹ̀, àwọn ń lọ kí ìyá àgbà.