Orí Káfíńtà Tó Kù Lábọ̀

Àwọn tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tí wọ́n rí àga onígbàjámọ̀ níwájú, máa ń bi mí pé, "Màmá, ta ló ń fárí níbí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń fárí níbí mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé àga náà kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó kọ́kọ́ gbé èmi fúnra mi.

Ọkọ mi ló ni àga náà. Òun ń fárí níwájú, èmi ń ránṣọ lẹ́yìn, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ló là wá láàárín. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níwájú tí kò dé ìdí ẹ̀rọ mi. Òórùn páúdà, ìró sísọ́ọ̀sì, ohùn ọkọ mi tó ń wàásù: tí mo bá dijú lónìí, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Torí ọkọ mi kì í fárí láì wàásù. Ajíhìnrere ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbọ́n débi pé kì í bẹ̀rẹ̀ títí abẹ á fi dé ẹ̀yìn etí èèyàn, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dìde sá lọ pẹ̀lú abẹ létí. Ó fẹ́ràn Jésù tọkàntọkàn, èmi jẹ́rìí sí i. Àmọ́ ìbínú rẹ̀ kò jìnnà. Nǹkan kékeré báyìí, á ti gbiná, èmi tí mo ń bá a gbé ni ó sì máa ń bà lé jù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Káfíńtà tó wà ní òdìkejì òpópó. Òun ló kan àga náà fún un. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọkọ mi fi wàásù fún un lọ́jọọjọ́ Sátidé, ọdún mẹ́fà náà ni Káfíńtà fi ń fèsì pé, "Ajíhìnrere, fá orí mi, fi ọkàn mi sílẹ̀." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó wu ọkọ mi kó bá òun dé ọ̀run tó ọkùnrin yẹn. Òun ló kọ́kọ́ máa ń dárúkọ nínú àdúrà òwúrọ̀, kó tó kan àwọn ọmọ tí mo bí fún un.

Láàárọ̀ Sátidé kan, áyọ́ọ̀nù mi jó ẹ̀wù funfun tí ọkọ mi fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pariwo mọ́ mi títí ẹyẹ fi fò lórí páànù. Ó pè mí ní orúkọ tí mi ò ní kọ síbí. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, Káfíńtà dé. Ó jókòó, abẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, èèyàn mẹ́rin sì ń dúró de àga lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí abẹ dé àárín orí, ìwàásù ti gbóná. Ìfẹ́ àti sùúrù ni ọkọ mi ń sọ.

"Ajíhìnrere," ni Káfíńtà wí jẹ́jẹ́, "ta ló ń pariwo mọ́ ìyàwó wa láàárọ̀ yìí? Mo gbọ́ ọ láti ìdí ayùn mi. Ṣé Jésù tí ò ń sọ yìí ò sí nílé nígbà yẹn ni?"

Àwọn orí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

"Dìde," ni ọkọ mi wí.

"O ò tíì parí o."

"Mo ní kó o dìde lórí àga mi."

"Àga tí mo kàn fún ẹ."

Mo gbọ́ bó ṣe fa aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kí n tó ṣí kọ́tìnnì, Káfíńtà ti ń sọdá òpópó. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán, irun ṣì kún apá òsì bámúbámú.

Ẹlòmíràn ì bá dé fìlà, kó wá onígbàjámọ̀ mìíràn lọ. Káfíńtà kọ̀. Ńṣe ló gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ síta, tó ń fá pákó láì dé nǹkan kan. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní, "Ajíhìnrere ló fá a. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló máa parí ẹ̀." Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, kí Ọlọ́run má bínú. Mo fi aṣọ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ẹkún ti wọ̀ ọ́.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kó àwọn ìwé àṣàrò kúkúrú tó ń pín fún oníbàárà sínú àpótí, ó tì í pa. Ọjọ́ Ajé kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, sísọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń gbọ́. Èmi tí mo ti ń ráhùn pé ìwàásù rẹ̀ pọ̀ jù, ìdákẹ́jẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo ṣí kọ́tìnnì. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ní lọ parí orí ọkùnrin yẹn ni?"

"Ojú wo ni kí n fi wò ó? Mo ti ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́. Jẹ́ kí n borí ìbínú yìí ná. Tí mo bá ti di èèyàn gidi, màá lọ bá a."

"Kẹ́ ẹ tó di èèyàn gidi, irun á ti hù padà lórí ẹ̀."

Ó wò mí. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Mo pariwo mọ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé," ló wí. "Nítorí ẹ̀wù lásán."

"Mo gbọ́. Gbogbo òpópó gbọ́."

"Má bínú. Mo jẹ̀bi."

Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nílé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe, mo bá ń ká òwú.

Ó gbé abẹ, ọṣẹ àti abọ́ omi, ó sọdá. Mo tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ rò pé mo máa jókòó sílé ni? Àwọn aládùúgbò ti dúró ń wò. Ọkọ mi gbé abọ́ omi kalẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́.

"Òótọ́ lo sọ," ló sọ fún Káfíńtà níwájú gbogbo wọn. "Mo pariwo mọ́ ìyàwó mi, mo sì lé ẹ dìde torí pé o mẹ́nu bà á. Jésù kọ́ ló rán mi níyẹn. Má tìtorí ìwà mi kọ̀ ọ́. Mo wá parí orí ẹ, tó o bá gbà."

Káfíńtà gbọn eruku igi kúrò lórí àpótí kan, ó jókòó. Abẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi ò wàásù.

"Ajíhìnrere."

"Mò ń gbọ́."

"Jésù yìí, ṣé òun náà máa ń lé èèyàn dìde kó tó parí orí ẹ̀?"

Abẹ dúró. "Rárá," ni ọkọ mi wí. "Ká ní ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìta lèmi ì bá wà látọjọ́ yìí."

Káfíńtà ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kò sì wá ní ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ó padà sórí àga rẹ̀ ní Sátidé, tí ọkọ mi bá sì dákẹ́, òun ló máa ń bèèrè pé, "Ìwàásù mi dà?"

Ẹ má rò pé ìbínú náà lọ pátápátá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń pariwo mọ́ mi, lórí iyọ̀, lórí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, oòrùn kì í wọ̀ kí kọ́tìnnì tó ṣí. Á yọjú, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mo tún ti lé ẹ dìde lórí àga." Èmi á ní, "Ẹ wá parí orí mi." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi sọ ọ́ láàárín ara wa, kò sú mi rí.

Lọ́jọ́ tó kú, ó pariwo mọ́ mi. Oògùn korò, ó ní mo fẹ́ pa òun, ó gba ife dànù lọ́wọ́ mi. Inú bí mi. Mo fi Káfíńtà tó wá kí i tì í, mo lọ ra òmíràn, mo sì rọra rìn, kí n má parọ́. Nígbà tí mo fi dé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo jókòó nídìí ẹ̀rọ, mò ń wo kọ́tìnnì. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣí i, ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ jù ni kò ṣí. Ìyẹn dùn mí ju ikú náà lọ.

Káfíńtà ló ṣí i. Orí rẹ̀ ti pá, kò nílò onígbàjámọ̀ mọ́. Ó padà síwájú, ó jókòó lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Ìyàwó wa, ọkọ ẹ rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tètè jẹ́ ẹ, torí mo rò pé àìsàn ló ń sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun tún ti lé ẹ dìde lórí àga. Ó ní kó o padà jókòó, pé Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló máa parí ẹ̀."

Mo ní kó dìde fún mi. Ó dìde, mo jókòó, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Káfíńtà dúró lẹ́yìn àga. Nígbà tó ṣe, ó ní ṣé kí òun gbàdúrà. Mi ò gbọ́ kó gbàdúrà rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó kàn ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó sì gbàgbé àmín. Èmi ni mo bá a ṣe é.