Golí Tí Bọ̀dá Tawfiq Ń Wá

Idiat kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù, lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì láti Thamesmead sí Woolwich, ní London. Nígbà tó wá ṣe ti àwọn tó ń kó káàdì agbábọ́ọ̀lù jọ, ó ní kí gbogbo rẹ̀ ṣe kedere: káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹ, èyí tí ò ń wá, àti bó o ṣe ń wá a tó.

Bọ̀dá Tawfiq, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló mú un mọ àwọn tó máa ń pàdé nílé kọfí kan ní Woolwich lọ́jọ́ Sátidé láti fi káàdì ṣe pàṣípààrọ̀. Òun náà ló rọra sọ fún un pé ọ̀wọ́ káàdì kan wà tí àbúrò òun, Irfan, ń kó jọ kó tó kú. Ẹyọ kan ló kù kó pé: golí kan báyìí tí ayé ti gbàgbé. Idiat sì kọ ọ́ sórí áàpù, gàdàgbà: *Tawfiq ń wá èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ.*

Jeremiah, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Belvedere, ló ni golí náà. Ní Sátidé, Bọ̀dá Tawfiq jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ṣe bí wọ́n ṣe ń nájà nílé wọn n'Ìbàdàn: ó mú golí náà, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó béèrè òmíràn, ó tún yán díẹ̀ bí ẹni tí kò kà á sí.

Jeremiah rẹ́rìn-ín. "Uncle, má yán mọ́ jàre. Mo ti rí i lórí áàpù. Ojú méjèèjì lo fi ń wá a."

Bọ̀dá Tawfiq wo Idiat, tó jókòó nítòsí, lẹ́ẹ̀kan. "Kí lo fẹ́ gbà?"

"Èyí." Jeremiah nawọ́ sí káàdì kan nínú álíbọ́ọ̀mù Bọ̀dá Tawfiq, tí etí rẹ̀ ti ká. Kò sí lára ọ̀wọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun ni Irfan kọ́kọ́ ní láyé ẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń fi sí sùn.

"Ìyẹn ò sí fún pàṣípààrọ̀."

"Kí kálukú mú tiẹ̀ lọ nìyẹn."

"Jeremiah, gba nǹkan míì," Idiat wí.

"Auntie, ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀. Àbí irọ́ lo pa?"

Bọ̀dá Tawfiq fọwọ́ pa etí káàdì náà bíi pé ó fẹ́ nà án, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin náà.

Níta, níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, Idiat ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Màá yọ ọ́ kúrò lórí áàpù lónìí."

"Kí lo fẹ́ yọ? Ṣebí mo ti rí ohun tí mò ń wá." Ó fi golí sí àyè rẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù, ó wò ó títí. "Irfan ò tiẹ̀ fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó ní àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà wọlé." Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́.

Idiat wá ọ̀rọ̀ ìtùnú. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń pè ní ẹnu dídùn lásán ni, kò sì ní ọ̀kan lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ yẹn ó ṣe ibi kan sórí áàpù tí èèyàn lè fi ohun tó ń wá pamọ́ sí. Gbogbo àwọn tó ń kó káàdì jọ ló yìn ín. Bọ̀dá Tawfiq nìkan ni kò ṣí i wò.