Ìka Méjì

Nínú ilé wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ irin. Bó ṣe rí láti ogún ọdún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá forí gbá igi, tí ojú rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n ni yóò lù ú títí ojú náà yóò fi padà síbi tó wà. Atúnkọ̀ṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yìí sì ń dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀, télọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì ni irin tó mọ̀.

Nígbà tí télọ̀ yìí wá lọ ra ọkọ̀ tí ìwájú rẹ̀ ti rún wómúwómú, tó ní òun fúnra òun ni òun máa tún un ṣe lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kó rán ṣòkòtò fún un, bóyá yóò rìn.

Ó wá jókòó, ó ń retí ọjọ́ tí wọn yóò wá bẹ òun. Oṣù kan kọjá, wọn ò wá. Oṣù kejì ń lọ. Ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ni pé télọ̀ ti tú fẹ́ńdà, pé télọ̀ ti yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, pé àjákù irin ló kọ́kọ́ fi ń kọ́wọ́ kó tó kan ọkọ̀ rárá. Ìyá ní ọwọ́ ọmọ náà mọ́ tónítóní. Ogún ọdún rèé, kò sọ irú rẹ̀ nípa ọwọ́ Atúnkọ̀ṣe rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, télọ̀ pè é kó wá fojú àgbà bá òun wò ó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò tíì sí lórí rẹ̀, gbogbo inú ọkọ̀ wà ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí ọmọ yìí ti jó ṣáàsì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó gbé ọkọ̀ ró, pọ̀, ó ń wá ihò, ó ń wá kókó, kò rí. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀lẹ máa ń fi àbùkù pamọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an mọ́ ju òkè lọ. Ó tún padà sókè, ó ń wá àbùkù lẹ́ẹ̀kejì. Ká má purọ́, ìlara ni, kò lórúkọ mìíràn. Bí télọ̀ bá lè ṣe èyí, kí wá ni òun?

Télọ̀ ní òun ti wọ̀n ọ́n láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì, ó sì dọ́gba. Teepu aṣọ rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, ó ṣì gbé e kọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n ní teepu aṣọ máa ń fà. Ó yọ okùn tirẹ̀ lápò, ó ní kí àbúrò di orí kan mú ní igun kan, òun fà á dé igun tó dojú kọ ọ́, ó sì ta kókó síbi tó dé. Wọ́n wá gbé okùn sọ́nà kejì. Kókó náà bọ́ sójú igun, kò fi irun kan yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló rí i, nítorí àtàǹpàkò rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sún kókó sẹ́yìn.

"Ìka méjì," ló wí. "Ó wọ́ ní ìka méjì. Bó o bá fi sáré, á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú kòtò lo máa bá ara ẹ lọ́jọ́ kan, ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ."

Ó rò pé télọ̀ máa jiyàn, pé àwọn á tún un wọ̀n, òun á sì fi àwàdà bò ó. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni, bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Télọ̀ wo okùn náà. Ó wá lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó tàn án, ó sì gbé e lé ojú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun ó wọ́. Ìyàwó télọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ń dúpẹ́ pé Bọ̀dá ti yọ àwọn ọmọ òun nínú ewu. Ìyìn tí ẹ̀gbọ́n ti ń wá láti ogún ọdún ló ń gbọ́ yìí, kò sì lè gbé e mì.

Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ṣáàsì já, ó bọ́ sílẹ̀ gbàù. Ara ẹ̀gbọ́n ò gbà á mọ́. Ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú.

"Dúró. Irọ́ ni mo pa. Ó dọ́gba. Iṣẹ́ ẹ dáa ju tèmi lọ."

Télọ̀ pa ẹ̀rọ. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo mọ̀ pé torí pé Màmá ń wò wá lẹ ṣe fẹ́ bò mí láṣìírí. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, mo ti gbà. Lọ́la mo máa wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Ó tún tan ẹ̀rọ, ó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n tún un wí pé irọ́ ni, ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ariwo irin ti bo ohùn rẹ̀. Ìyá ń sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n.