Káàdì Kẹtàdínlógún

"Nọ́ọ̀sì, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀," ọ̀gá wí. "Ẹni tó ń ṣàìsàn kì í gun òṣùwọ̀n wa."

Ọmọ náà ti gùn ún ná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, káàdì kẹtàdínlógún ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti rí ibi tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dúró sí: kílò mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlélógún ló wọ̀n ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ètò ọrọ̀ ajé tuntun tó gé oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí ariwo pọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ní àwọn á ṣàyẹ̀wò bóyá ètò náà ń pa ọmọ lára. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọ̀gá yìí, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, fi wà ní kíláàsì yìí.

Ogójì ọmọ la wọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Méjìlélọ́gbọ̀n ló wá lónìí.

"Àwọn yòókù ń kiri ọjà," tíṣà wọn ṣàlàyé. "Àwọn kan ò lè dìde nílé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Ẹni tí kò sí níbí, kò sí nínú ìṣirò," ọ̀gá dáhùn.

Ìyá ọmọ náà, tó ń ránṣọ lẹ́nu géètì ilé-ìwé, kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní bí ẹ bá rí i pé àwọn ọmọ ti rù, oúnjẹ á padà. Ẹ̀yìn ni mo fi pọ̀n ọ́n wá."

"Màmá, àìsàn ló sọ ọ́ dà báyìí, kì í ṣe ètò wa," ọ̀gá gbà á lẹ́nu mi.

"Ṣé àìsàn lẹ ń pe ebi lọ́dọ̀ yín ni?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí a bá yọ àwọn tó rù jù, àwọn tó kù á dà bí ẹni tó ń sanra; ọmọdé gan-an lè rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni mo rò. Mo gbé ọmọ náà sọ̀, mo fi bírò pupa fa ìlà sórí nọ́ńbà rẹ̀. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ìròyìn wa jáde: àwọn ọmọ ti fi ìdajì kílò sanra sí i. Wọ́n kà á lórí rédíò. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gé mílíìkì àwọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn pẹ̀lú, wọ́n ní àyẹ̀wò wa ló fi hàn pé kò séwu. Èmi gba lẹ́tà ìyìn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a tún gbé òṣùwọ̀n dé. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló tò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹnu géètì dákẹ́. Ìyá náà wọlé, òun nìkan.

"Ọmọ ńkọ́?" mo bi í, bí òmùgọ̀.

Ó gbé káàdì kan sórí òṣùwọ̀n. Ó ti fọ okùn rẹ̀, ó sì ká a jọ dáadáa.

"Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ohun ìjọba ni," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ pé mo jalè."

Ọ̀gá yọjú wo nọ́ńbà náà.

"Kẹtàdínlógún? A ti yọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, kò ba ìṣirò wa jẹ́. Nọ́ọ̀sì, pe ẹni tó kàn."

Mo gbé káàdì náà kúrò lórí òṣùwọ̀n, mo sì pe ẹni tó kàn.